Àtàǹpàkò Méjì Lẹ́yìn Páálí Kásẹ́ẹ̀tì

Inú ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ láti Mile 12 sí Ìkòròdú ni mo wà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí mo rí i lórí fóònù mi pé Roger Ebert ti dágbére fáyé. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá wa dúró lójú kan, ooru sì mú débi pé gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń fi páálí àti ìwé ìròyìn fẹ́ ara wọn, àfi èmi tí mo di fóònù mú tí mo ń ka ìlà kan ṣoṣo náà ní àkàtúnkà. N kò mọ̀ pé mo ti pariwo. Ìyá kan tó jókòó tì mí, tó gbé agbọ̀n tòmátì tó ti ṣófo lé itan, fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, ṣé kò sí o?" Mo ní ẹnìkan ló kú, mà. Ó béèrè bóyá ẹbí mi ni, mo ní rárá. Ó béèrè bóyá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni, mo tún ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣàdúrà fún òkú náà, ó ṣe fún èmi náà, ó sì gbé omi inú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi.

N kò fojú kan ọkùnrin náà rí. Òyìnbó lámèyítọ́ fíìmù ni, ẹni tó ń wo fíìmù tó sì ń kọ̀wé nípa wọn, Chicago ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, ó sì ti pé ẹni 70 ọdún nígbà tó kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro bí ǹ bá ṣe ṣàlàyé ara mi fún ìyá yẹn ká ní ọ̀nà wa ṣì jìn, ohun tí mo sì ń kọ yìí ni ǹ bá sọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fídíò, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, níbi tí ó ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yá àwọn ènìyàn. Náírà 20 ni owó alẹ́ kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ilé ìwé, ẹni tí kò bá sì yí kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀ kí ó tó dá a padà yóò fi náírà 5 lé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ojú páálí, kí n sì máa kọ orúkọ ẹni tó yá nǹkan sínú ìwé tó ní ìlà, orúkọ lápá òsì, fíìmù lápá ọ̀tún, kí n fi bírò pupa fa igi lé e bí ó bá ti dá a padà. Apá kan ògiri jẹ́ ti fíìmù Yorùbá, èyí tí kì í pẹ́ lórí igi rárá. Apá kejì jẹ́ ti fíìmù Òyìnbó, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ṣá àwọ̀ páálí wọn débi pé ojú gbogbo òṣèré inú wọn ti di búlúù.

Lẹ́yìn púpọ̀ nínú páálí Òyìnbó wọ̀nyí ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé àtàǹpàkò méjì ló dìde sí fíìmù náà, tí wọ́n á sì kọ orúkọ méjì tẹ̀ lé e: Siskel àti Ebert. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní àwọn àgbà méjì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń wo fíìmù kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, bí ó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á tẹ àtàǹpàkò wọn sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn olórí ẹbí ṣe máa ń tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń di ẹjọ́ lójoojúmọ́ bíi Ìkòròdú, kò sí àlàyé tó lè yé ọmọ ọdún mọ́kànlá ju ìyẹn lọ. Ìwé tí àwọn àgbà ò bá tẹ̀ka sí, ayédèrú ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fojú inú rí bàbá arúgbó méjì nínú agbádá, tí wọ́n ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, tí wọ́n rọra ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò sí agbádá, kò sì sí tàdáwà. Oníròyìn ni àwọn méjèèjì. Gene Siskel ń kọ̀wé fún Chicago Tribune, Ebert ń kọ̀wé fún Chicago Sun-Times, ìwé ìròyìn méjèèjì sì ń bá ara wọn du òǹkàwé bí orogún ṣe ń du ojú rere ọkọ. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Chicago kó wọn pọ̀ sórí ètò kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú gbogbo ayé láti jiyàn lórí fíìmù tuntun, tí ẹnìkan kì í gbà fún ẹnìkejì rẹ̀ lásán. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń gbé àtàǹpàkò sókè fún èyí tí wọ́n fẹ́ràn, tí wọ́n sì ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀ fún èyí tí wọn ò fẹ́ràn. Ọdún 1975 kan náà ni Ebert gba Pulitzer, àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà. Òun ni lámèyítọ́ fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún. Ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ bí, ní Urbana ní ìpínlẹ̀ Illinois, lọ́dún 1942, iṣẹ́ iná mànàmáná ni bàbá rẹ̀ sì ń ṣe ní yunifásítì ibẹ̀. Siskel ní tirẹ̀ ṣàìsàn kókó inú ọpọlọ, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1999, lẹ́ni ọdún 53. A ò gbọ́ ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Ní gbogbo ọdún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e, àtàǹpàkò méjì ṣì wà lẹ́yìn páálí wa.

Lọ́dún 2005, nígbà tí CD ti gbòde tí ṣọ́ọ̀bù Bàbá sì ti kógbá sílé, mo ń dúró de àbájáde ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì máa ń san owó òru ní kàfé íntánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá Garage. Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ wa láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ṣí i láago mẹ́fà àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ á sì máa ké lẹ́yìn fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òru kan tí n kò ní ohun gidi kan tí mo fẹ́ ṣe, mo tẹ orúkọ kejì tó wà lẹ́yìn páálí sínú kọ̀ǹpútà. Ojú òpó rẹ̀ ṣí, mo sì rí àyẹ̀wò fíìmù tó ti kọ láti 1967, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. N kò sùn lóru náà, n kò sì sùn lóru púpọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ wọn ni n kò rí rí, tí n kò sì ní ọ̀nà láti rí. Kò dí mi lọ́wọ́. Bí ó bá ń sọ ohun tó rí, mo ń rí i. Bí ó bá sọ pé ibì kan wà tí òṣèré náà dákẹ́ tó sì yíjú padà, èmi náà á dákẹ́ nínú kàfé. Kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ fún òǹkàwé. Ó kọ̀wé nípa ọtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ àti bí ó ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 1979. Ó kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ inú fíìmù kì í fi bẹ́ẹ̀ pa òun lẹ́kún. Ìgbà tí ẹnìkan bá ṣe rere fún ẹlòmíràn ni omi máa ń bọ́ lójú òun. Mo gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ka èyí, nítorí mo rántí ohun kan: ìyá mi àgbà máa ń wo fíìmù tí wọ́n ti ń pa ènìyàn bí ẹní pa eṣinṣin láìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ìyálé bá ti bu omi fún ìyàwó kékeré mu báyìí, á fa etí ìró rẹ̀, á fi nu ojú. A máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé òun ló mọ fíìmù wò jù nínú ilé.

Ohun mìíràn tí Ebert kọ́ mi ni pé ohun tí fíìmù dá lé lórí kọ́ ni kókó, ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi fíìmù apanilẹ́rìn-ín kékeré kan wé iṣẹ́ àwọn ògbóǹtarìgì kí ó lè rí ohun fi bú u. Ohun tí fíìmù náà ṣèlérí fún ẹni tó san owó wọlé ni yóò béèrè bóyá ó mú ṣẹ. Mo sọ èyí nítorí ọ̀nà méjì péré ni a máa ń gbà sọ̀rọ̀ fíìmù Yorùbá láàárín ara wa. Yálà kí a kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá nítorí pé ọmọ wa ló ṣe é, tàbí kí àwọn tó rò pé àwọn kàwé jù fi ẹnu kan da gbogbo rẹ̀ nù pé oògùn àti àjẹ́ ni. Ẹni tó sọ pé gbogbo rẹ̀ dára kò wò ó. Ẹni tó sọ pé gbogbo rẹ̀ burú náà kò wò ó. Ebert wo nǹkan. Ó lè sọ pé fíìmù kan kò dára rárá, kí ó sọ ọ́ láìpọ́n ọ̀rọ̀ lá, síbẹ̀ kí ó mẹ́nu kan ọmọdébìnrin kan tó jáde fún ìṣẹ́jú méjì péré nínú rẹ̀ tó ṣe dáadáa.

Nínú oṣù kìn-ín-ní 2002, níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance, wọ́n wo Better Luck Tomorrow tí Justin Lin ṣe, fíìmù nípa àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Éṣíà tí wọ́n ń hùwà ọ̀daràn. Ẹnìkan dìde láàárín èrò, ó ń bi àwọn tó ṣe é léèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi ojú burúkú àwọn ènìyàn wọn han ayé. Ebert dìde tòun ti ìbínú, ó sì dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí yóò bi aláwọ̀ funfun nírú ìbéèrè yẹn, pé àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ irú ènìyàn yòówù tó bá wù wọ́n nínú fíìmù. Mélòó ni mo ti gbọ́ nínú àwọn tó ní kí fíìmù Yorùbá má fi àlébù wa hàn mọ́, kí àwọn ará ìta má bàa fi ojú tín-ín-rín wò wá? Ọkùnrin yẹn ti dá wọn lóhùn fún mi kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀.

Òun àti Siskel náà ló gbé Hoop Dreams ga lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1994, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n: fíìmù oníwákàtí mẹ́ta tó dá lórí ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì ní Chicago tí wọ́n fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Kò sí òṣèré kankan níbẹ̀, ìgbésí ayé àwọn ọmọ náà àti ìyá wọn ni. Ebert ní kò sí fíìmù tó dára tó o ní gbogbo ọdún 1990 sí 1999. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ìràwọ̀ orúkọ rẹ̀ sójú títì ní Hollywood ní 2005, ó sọ pé fíìmù dà bí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè wọ inú bàtà ẹlòmíràn kí ó sì mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo fi bàtà sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa gan-an.

Àwọn oníṣègùn rí jẹjẹrẹ ní ọrùn Ebert ní 2002. Ní 2006 wọ́n gé lára eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí ó padà sílé, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ lọ́rùn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó gba ibẹ̀ lọ. Gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe láti tún àgbọ̀n náà mọ kò yọrí sí rere. Láti ìgbà náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè jẹun lẹ́nu, kò sì lè mu omi. Rọ́bà tí wọ́n kì sí i nínú ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹnu ló fi di ìlú mọ̀ọ́ká! Ohun tó ṣe ni pé ó kó gbogbo ohùn rẹ̀ sínú ìwé kíkọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Scotland ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú àwọn ohùn rẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì fi ṣe ohùn kọ̀ǹpútà tó jọ tirẹ̀. Fíìmù 306 ló kọ̀wé lé lórí lọ́dún 2012, ó sì sọ pé òun kò kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan rí láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Fídíò lọ́dún 2008. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó wọ́ ẹnu rẹ̀ sápá kan, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní Bàbá ń sùn. N kò pe ìyẹn ní ìkà, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí a ṣe tọ́ wa ni pé a kì í tú àìsàn àgbà síta kí ọ̀tá má bàa yọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni ọkùnrin tí gbogbo Ìta-Ẹlẹ́wà ń kí tẹ́lẹ̀ fi ń wo ògiri.

Nígbà tó di 2010, ìwé ìròyìn Esquire gbé àwòrán ojú Ebert jáde láìfi ohunkóhun bò ó: àgbọ̀n ti lọ, awọ ara sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ṣí sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ó kọ́kọ́ mú òun ta gìrì, ṣùgbọ́n pé bí òun ṣe rí náà nìyẹn. Mo san owó, wọ́n tẹ àwòrán náà jáde fún mi ní kàfé, ìwé rẹ̀ ṣì ń gbóná nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ àtàǹpàkò nìyí, sà." Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka ọwọ́ òsì tọ ibi tí àgbọ̀n yẹ kó wà, ó sì fi ìka kan náà kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu ara rẹ̀ tó wọ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé omi ló fẹ́, ó mi orí. Mo rò pé ó ní kí n máa lọ, ó tún mi orí, ó sì ń nawọ́. Ìta ló fẹ́ lọ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ bínú sí mi, a sì sọ̀rọ̀ tó le síra wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá ti wà lórí àga níwájú ilé. Àwọn tó ń kọjá ń dúró kí i. Ìwé tó ní ìlà ni ohun tó béèrè lẹ́yìn ìyẹn, irú èyí tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sínú rẹ̀, lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀nràn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìwé. Orúkọ ẹnìkan ló kọ́kọ́ kọ, pẹ̀lú fíìmù tí ẹni náà yá tí kò dá padà.

Lọ́dún kan náà ni mo ka ohun tí Ebert kọ nípa àìlèjẹun, pé oúnjẹ gan-an kọ́ ni òun ń ṣàárò, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń sọ nídìí rẹ̀, ẹ̀rín, iyàn jíjà, ìtàn tí gbogbo wọn ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń gbé àwo mi lọ síwájú Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, kí a jọ jẹun, kí n máa sọ̀rọ̀ kí ó máa kọ̀wé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2013, Ebert kọ̀wé sí àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé eegun ìbàdí òun tó dá ti di ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, pé òun yóò dín iṣẹ́ kù, fíìmù tó bá wu òun nìkan ni òun yóò sì máa kọ̀wé lé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló pé ọdún 46 tó ti ń ṣe lámèyítọ́ fún Sun-Times; ọjọ́ kẹta ló lọ. Ìyàwó rẹ̀, Chaz, sọ pé wọ́n ń múra àtigbé e lọ sílé ni ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ láìjẹ̀rora. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù náà, ni wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un ní Kàtídírà Holy Name ní Chicago.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó lè lọ sọ fún Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo jókòó sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Bàbá, alátàǹpàkò yẹn ti kú o, sà." Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó sì rọra kọ ọ́: ÈWO NÍNÚ WỌN? Ìgbà náà ni mo rántí pé kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé Siskel ti kú láti 1999. Mo ní, "Èyí tó kù ni, Bàbá."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wo ọ̀kánkán fún ìgbà díẹ̀, ó sì wá fọwọ́ kan àpò mi níbi tí fóònù wà, ó ń fi ìka tọ́ ẹnu mi pé kí n kà. Mo ṣí ohun tí ọkùnrin náà kọ kẹ́yìn, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á, mo ń tọ́ ọ̀rọ̀ wò kí ó lè dùn létí àgbà, títí mo fi dé òpin rẹ̀ níbi tó ti ní òun yóò máa rí wa nílé sinimá. Bàbá gbé ìka kan sókè. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà.